Orí Ìyàwó Tí Ẹlòmíràn Kò Gbọdọ̀ Dì

N kò sunkún lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà kú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ń ka irú ọ̀rọ̀ báyìí a máa retí ẹkún. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn ní Ìnísà, mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tó yọ lábẹ́ aṣọ, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé ṣé mo ti bu omi fún àwọn adìẹ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ẹkún náà kò tíì dé. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí wọ́n fi kú lọ, n kò sì retí rẹ̀ mọ́.

Ìtàn ìgbésí ayé wọn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn àti bí wọ́n ṣe dé ilé ọkọ ti kú tán. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ kò pọ̀: ìka wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn díẹ̀, àti ohun kan tí wọ́n ṣe fún ìyá mi, tí wọ́n sì ṣe sí bàbá mi. Ohun kan náà ni.

Onídìrí ni Ìyá Àgbà. Orí àpótí pẹlẹbẹ kan ni wọ́n máa ń jókòó sí níwájú ilé. Oníbàárà á jókòó sórí ẹní nílẹ̀, á gbé orí lé wọn nítan. Wọ́n ní òòyà onígi kan tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìdí yẹn ni wọ́n fi ń la irun. Wọn kì í rọra là á. Bí oníbàárà bá pariwo, onídìrí mìíràn á ní "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Ìyá Àgbà kò mọ pẹ̀lẹ́.

"Yéè! Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ fa ọpọlọ mi jáde ni?"

"Bí mo bá rí i níbẹ̀, màá dá a padà. Ké sí i."

Wọ́n á tún fà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin Ìnísà fi ń sọ pé ọwọ́ Ìyá Àgbà mọ irun, ṣùgbọ́n kò mọ àánú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ń gbọ́ nǹkan ni. Kò sí ẹni tí a máa fi ìdí òòyà tọ́ ní ìpàkọ́ tàbí lẹ́yìn etí, níbi tí irun ti wẹ́, tí kò ní gbọn èjìká. Bí ẹnìkan kò bá gbọ̀n ọ́n, Ìyá Àgbà á dá ọwọ́ dúró. Wọ́n á tún tọ́ ọ. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí etí rẹ̀ wò bóyá ó ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí onítọ̀hún má tíì lọ, ọ̀rọ̀ kan wà. Àwọn tó bá pariwo, wọ́n á dì í fún wọn tán, wọ́n á gbá wọn léjìká, wọ́n á ní, "Máa lọ. Ara tó bá ń ké, tìrẹ ṣì ni."

Èmi gan-an, wọ́n ní eré kan tí wọ́n máa ń bá mi ṣe bí oṣù tuntun bá ti lé. Wọ́n á fi ìborùn di ojú mi, wọ́n á ní kí n bọ́ aṣọ, wọ́n á wá fi fọ́nrán irun kan ṣoṣo fa apá mi, ẹ̀yìn mi, orúnkún mi. "Níbo?" Màá fìka tọ́ ọ. "Níbo?" Màá tún tọ́ ọ. Bí mo bá gbà á tán, ẹ̀pà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ní kí n dọ́gbọ́n. Wọ́n fa ẹ̀yìn mi, mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́.

"Níbo, Àjíkẹ́?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan."

Wọ́n tún fà á níbẹ̀. "Níbo?"

"Ẹ kò tíì fà á."

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn débi pé mo bú sẹ́rìn-ín. Mo tú ìborùn lójú, mo ní mo ti mú wọn. Wọ́n wà ní ìjókòó lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe lórí àpótí, fọ́nrán irun sì wà láàárín ìka wọn. Wọ́n gbá mi létí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gbá mi láyé nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ kan náà nu ojú mi, wọ́n ní, "Máa sọ òótọ́ nípa ara rẹ fún mi. Òótọ́ yòókù, fi í sílẹ̀."

Ìjà wọn tó le jù tí mo fojú rí, ọjọ́ ìkómọ àbúrò mi ọkùnrin ni. Àwọn ará ilé ìyá mi ti Òkukù wá, àbúrò màámi kan sì wà láàárín wọn tí a ń pè ní Sísí Bọ́lá. Ó mú òróró irun wá, ó mú òwú wá, ó ní òun fẹ́ fún ìyá ìkókó ní irun ọjọ́ ayọ̀. Kò tíì fọwọ́ kan gèlè màámi tí Ìyá Àgbà fi yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Fi orí yẹn sílẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Irun lásán ni mo fẹ́ dì fún un."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Ẹlòmíràn kì í di orí ìyàwó mi."

Sísí Bọ́lá rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn tó bá a wá. "Háà! Ẹ̀yin ará Òkukù, ṣé orí wà nínú ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ni? Ìyá ọkọ wo ló ń jowú irun?"

"Èmi ni. Wò mí dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀ o! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún yín nìyí?"

Màámi kò gbójú sókè. Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó ní, "Bọ́lá, jẹ́ kí Ìyá dì í. Ọwọ́ wọn ló mọ́ mi lára." Àwọn kan ní oògùn ni Ìyá Àgbà fi mú ìyàwó ọmọ wọn. Àwọn kan lò ó fún àṣà lẹ́yìn ọjọ́ náà: bí obìnrin kan bá ń ṣọ́ nǹkan jù, wọ́n á bi í pé ṣé orí ìyàwó ni. Ìyá Àgbà kò bínú sí àṣà náà. Wọ́n ní, "Kí wọ́n máa wo èmi. Ojú tó bá wà lára mi kò sí lára rẹ̀."

Ọdún tí ara wọn ń rẹ̀ wọ́n ni wọ́n tó sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún mi, láìgbé ohùn sókè, bí ẹni ń ka iye ìṣù òwú.

Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ni, ọdún mélòó kan kí òmìnira tó dé. Màámi ti Òkukù wá, ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ òun ni òun ti fẹ́ dirí, torí kò sí onídìrí bíi tiwọn láti Ìkìrun títí dé Òkukù. Ṣùkú ló fẹ́, èyí tí a máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sókè orí, tí ìpàkọ́ á wà ní gbangba. Ìyá Àgbà la irun láti iwájú, ìyàwó ń pariwo, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé ìpàkọ́, ìyàwó kò pariwo mọ́. Wọ́n tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú ara kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá ju ti ìyókù lọ, kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ.

"Àṣàkẹ́, láti ọjọ́ wo ni ibí yìí ti rí báyìí?"

"Ibo, Ìyá?"

Kò tilẹ̀ mọ̀. Ìyá Àgbà tú irun tí wọ́n ti kó sókè, wọ́n dì í wálẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ìdí rẹ̀ lè bo ìpàkọ́. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá ti dárúkọ àrùn yẹn mọ́ ìyàwó lára, wọ́n á di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ náà á sì wá abà kan fún un ní ẹ̀yìn ìlú. Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún ọmọ wọn. Wọ́n wo ọ̀nà. Wọ́n ní, "Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kan ibẹ̀."

Oògùn ìjọba ti dé nígbà náà, hóró funfun kékeré tí ènìyàn á máa gbé mì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkùnrin kan ló ń gbé e yí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká lórí kẹ̀kẹ́, tòun ti àpótí rẹ̀. A ń pè é ní Dókítà Kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀ ní Ìkìrun, ó ní ti Ìnísà, ó ní ti Òkukù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gba oògùn nílùú ara rẹ̀. Ará Ìnísà á lọ sí Ìkìrun, ará Ìkìrun á lọ sí Òkukù, ará Òkukù á wá sí Ìnísà. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀. Ìtìjú ló pín in bẹ́ẹ̀. Ìkìrun ni Ìyá Àgbà ń mú màámi lọ.

Bí ará ìlú kan náà bá pàdé níbẹ̀, "Ẹ kú ọjà o" ni wọ́n ń kí ara wọn, lọ́jọ́ tí kò sí ọjà rárá. Bàbá kan wà láti Ìnísà tó máa ń ru iṣu mẹ́ta lọ, kí wọ́n lè rò pé ó lọ tà á. Iṣu mẹ́ta kan náà ni láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ìyá Àgbà ní nígbà tó ṣe, iṣu náà hù. Wọ́n kí i pé, "Bàbá, ọjà yín mà ti ń rúwé o." Ó kọjú sí màámi, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ìyàwó wa. Ìyá yìí náà kò rí nǹkan rà láti ọdún tó kọjá."

Lọ́dọ̀ Dókítà Kékeré ni Ìyá Àgbà ti kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àrùn náà. Wọn kì í pè é lórúkọ. "Àlejò yẹn" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àwọn bá ọkùnrin náà jà lọ́dún kejì, pé àmì ti ń rá, kí ló kù tí oògùn kò tíì tán. Ó ní, "Ìyá, àmì ló lọ. Onílé ṣì wà nílé." Ó wá ṣàlàyé fún wọn, àwọn náà ṣàlàyé fún mi báyìí:

Àwọn ọlọ́dẹ wà nínú ara wa. Kòkòrò tó bá wọlé, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á sì sè é nínú wọn títí á fi yọ́. Gbogbo kòkòrò ló ń sá fún ọlọ́dẹ. Èyí kì í sá. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé òun mì. Bó bá ti wọ inú ọlọ́dẹ tán, ẹ̀wù tó dà bí ìda oyin wà lára rẹ̀, á fi bora, á sì mú kí ọlọ́dẹ gbàgbé láti dáná sí i. Ọlọ́dẹ á máa rìn kiri, á rò pé òun ti pa á. Òun ló ń gbé e kiri. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú okùn tí ara fi ń gbọ́ ìrora. Ó máa ń fẹ́ràn ibi tí ara bá ti tutù díẹ̀: etí, imú, ọwọ́, ẹsẹ̀. Kì í kánjú. Kí òun tó bí ẹyọ ọmọ kan, kòkòrò mìíràn ti bí ìlú. Ìdí nìyẹn tí oògùn fi gbọ́dọ̀ pẹ́.

Ọmọ ọmọ tèmi tó kọ́ ìmọ̀ yìí ní Ibàdàn sọ fún mi pé Dókítà Kékeré kò purọ́. Ó ní ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kòkòrò náà lè mú kí àwọn olùtọ́jú okùn yẹn gbàgbé ẹni tí wọ́n jẹ́, kí wọ́n padà dà bí ọmọ tuntun tí kò tíì yan iṣẹ́, kí ó lè máa fi wọ́n rìn síbi tó wù ú. Mo ní ó dára, mo ti gbọ́. Ìyá Àgbà kò mọ ìyẹn. Èyí tí wọ́n sọ nìyí: "Kì í ṣe pé ó lágbára. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ wò ló mọ̀."

Ọ̀sán kan ni, mo ti tó ọmọ ọdún méje. Màámi ń yan gàrí, ó sì ń bi mí ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé. Mo ń ka nǹkan fún un. Òórùn ẹran jíjó gba gbogbo ibẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹran wo lẹ fi síná?" Ó wo inú iná, kò rí nǹkan kan. Ó wá wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀. Ìka méjì tó kẹ́yìn wà lórí etí agbada tó gbóná. Ó gbé wọn kúrò, kò yára. Ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ìka ẹlòmíràn.

Mo sá lọ pe Ìyá Àgbà. Wọ́n dé, wọ́n mú ọwọ́ náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Àṣàkẹ́. Ojú mi lo ti ń gbé oògùn mì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Màámi wọlé. Ó gbé agolo kan jáde tí mo rò pé ìyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Hóró oògùn ló wà níbẹ̀, ó ti kún dé ìdajì. Láti ìgbà tó ti bí àbúrò mi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń fi í sí.

"Àmì ti lọ, Ìyá. Oògùn náà ń dá mi lóòyì. Ó sì sú mi."

"O kò lè sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ó ti mọ́ mi lára."

Ìyá Àgbà gbé agolo náà lọ́wọ́, wọ́n mì í lẹ́ẹ̀kan. N kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ní, "Èmi náà, mo gbé e mì bí ọlọ́dẹ."

Wọ́n jáde lọ bá bàámi lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń rẹ́ pákó. Káfíńtà ni. Ẹnikẹ́ni kò rántí lé mi.

"Délé. Gbé ayùn sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n gé èyí tán, Ìyá."

"Gbé e sílẹ̀." Ó gbé e sílẹ̀. "Ẹ̀tẹ̀ wà lára ìyàwó rẹ. Mo ti rí i kí o tó gbé e."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn nìyẹn. Bàámi wo agolo, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Ọdún mélòó?"

"Ọdún mẹ́jọ."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti òun. Àti olóògùn."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òní lẹ ń sọ ọ́?"

"Torí èmi nìkan kò ká a mọ́. Ó ti jó lọ́wọ́ lónìí, kò sì mọ̀. Bí a bá tún fi í pamọ́, ọwọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bí o bá fẹ́ lé e, di ẹrù tèmi mọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ kan náà la ó lọ."

Bàámi mú ayùn, ó gé pákó náà tán. Ó wá wọlé lọ bá màámi, ó bu omi tútù sí ọwọ́ rẹ̀, ó sì dì í ní aṣọ.

Kò lé e. Lọ́jọ́ tí Dókítà Kékeré wá sí Ìnísà, bàámi gbé màámi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ní gbangba, ó gba àárín ìlú. Ẹnìkan ké sí i pé, "Káfíńtà! Ibo lò ń gbé ìyàwó lọ pẹ̀lú aṣọ ìjọ́sìn?"

"A ń lọ gba oògùn ẹ̀tẹ̀. Ṣé kí a dúró dè ọ́?"

Màámi ni ará Ìnísà àkọ́kọ́ tó gba oògùn ní Ìnísà. Ó pẹ́ díẹ̀, bàbá oníṣu náà wá, kò ru nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin sá fún àpótí Ìyá Àgbà. Ta ló fẹ́ kí ọwọ́ tó di orí adẹ́tẹ̀ di tòun? Láàárín oṣù méjì, orí màámi àti tèmi nìkan ló kù tí wọ́n ń dì.

Bàámi tún òrùlé wọn ṣe, ó ń la igi ìdáná fún wọn. Ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ wọn mọ́, kò sì jókòó níwájú wọn mọ́. Ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń dìde, ó ń lọ. Ọdún márùn-ún nìyẹn, títí wọ́n fi kú. Mo ní kí Ìyá Àgbà bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, yóò di dandan fún un láti dá mi lóhùn. Jẹ́ kó sinmi."

Ọdún kejì tí a sin wọ́n ni Dókítà Kékeré ní ó tó, kí màámi má gba oògùn mọ́. Ìka méjì náà kò nà mọ́, ṣùgbọ́n ìyókù pé. Ó gbé ayé pẹ́. Ó tọ́ àwọn ọmọ mi.

Nígbà tí bàámi di arúgbó, tí màámi ti lọ, mo bi í. Ó ń jẹun lọ́wọ́. Mo ní, "Bàámi, bí wọ́n bá ti sọ fún yín ṣáájú ìgbéyàwó, ṣé ẹ máa fẹ́ Màámi?"

Ó ronú. "Ó ṣeé ṣe kí n má fẹ́ ẹ. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á là, wọ́n sì gba ìwọ náà là. Mo mọ gbogbo rẹ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò dárí jì wọ́n?"

Ó fi omi sẹ́nu, ó gbé e mì. Ó ní, "Ọdún mẹ́jọ, láràárọ̀ tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní, 'Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?' Èmi á sì dá wọn lóhùn pé ara rẹ̀ le."

Mo kó àwo.